Omi Òpéléńgẹ́

"Ẹ gbẹ́sẹ̀ ńbẹ̀! Igi ò tíì mu tán!"

Ẹ̀rọ ẹnu páìpù ló pariwo mọ́ mi, kì í ṣe èèyàn, síbẹ̀ mo fò sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n fi àtòrì nà. Mi ò mọ̀ pé etí kòtò tí wọ́n gbẹ́ yí ìdí igi náà ká ni mo dúró lé. Omi tín-ín-rín kan ń já láti ẹnu páìpù sínú kòtò yẹn, àwọn obìnrin tò sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú abọ́ àti korobá lọ́wọ́, ẹnikẹ́ni ò sì jẹ́ sún mọ́ ọn. Ìyàwó kékeré kan tó lóyún, tó wà níwájú wọn, bú sẹ́rìn-ín.

"Dókítà, ẹ rọra o. Ọkọ wa ń jẹun lọ́wọ́, ẹ fẹ́ tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀."

Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Láti àárọ̀ ni inú ti ń bí mi. Iyanrìn wà nínú bàtà mi, ó wà nínú irun mi, ó wà láàárín eyín mi.

"Dókítà!" Dérìn ni, awakọ̀ tí Ilé Omi, ilé iṣẹ́ tó ń pín omi, fún mi. Ó tún fọn fèrè ọkọ̀ lẹ́nu géètì. "Ẹ wo apá Ṣakí! Ojú ọ̀run ti pọ́n. Bí ìjì iyanrìn bá ká wa mọ́ ibí, ibí la máa sùn o!"

"Tó o bá tún fọn fèrè yẹn, ẹsẹ̀ lo máa fi rìn dé Ìbàdàn."

"Ẹ má bínú, mà. Ẹ̀rù ló ń bà mí."

Ẹ̀rù ń ba èmi náà, ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún?

Páìpù gbin díẹ̀, ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, "Òpéléńgẹ́ ti yó. Ẹ̀yin èèyàn, ẹ lè bu èyí tó ṣẹ́kù." Kíá, àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ mọ́ kòtò. Omi tó ti dà pọ̀ mọ́ erùpẹ̀ ni wọ́n ń bù, wọ́n ń fi aṣọ sẹ́ ẹ, wọ́n sì ń pín in láìjà. Bí ayé ṣe rí ní gbogbo Òkè Ògùn nìyẹn láti ìgbà tí odò ti gbẹ. Ewéko ni òfin ń fún lómi. Bí ẹ̀yà igi kan tí kò sí níbòmíràn bá ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà rẹ, Ilé Omi á fa páìpù wá fún un, ìwọ á sì máa mu èyí tó bá mu kù. Bí ẹ̀yà bá ṣe pọ̀ tó ni páìpù ṣe ń pọ̀ tó. Ẹni tí kò bá ní igi, kó yáa di ẹrù rẹ̀ kó máa lọ sí ilé gíga ní Ìbàdàn, níbi tí wọ́n to èèyàn lé ara wọn bí páànù. Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Mi ò lè gbà á ládùúrà fún ẹnikẹ́ni.

Agbo ilé Jagùn ní páìpù mẹ́ta, nítorí wọ́n ní ẹ̀yà mẹ́ta: Òpéléńgẹ́, Adúmáadán àti Ajíṣafẹ́. Afojúmọ̀ ló rí wọn. Ẹ̀rọ pẹlẹbẹ bí àwo ìjẹun ni Afojúmọ̀, ojú dígí kan ṣoṣo ló ní, kò sì yéé fò lórí mi. Ó ti wo ewé igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó rí i pé wọn ò jọra. Ó sì ti bi àwọn ìyàwó ilé léèrè, oníkálukú lẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀, pé kí ni wọ́n ń pe igi náà. Ewé mẹ́ta tó yàtọ̀, orúkọ mẹ́ta tó yàtọ̀. Òfin ò béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wá ku kí èèyàn kan tó kọ́ ẹ̀kọ́ ewé fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ojú dígí yẹn láti jẹ́rìí, kí wọ́n lè sọ ọ́ di títí láé. Èèyàn yẹn ni èmi Fẹ̀yíntọ́lá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí lára mi. Iṣẹ́ yìí ti sú mi. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo rò pé ẹni tó bá kọ́ ẹ̀kọ́ ewé á máa wọ igbó, á rí ohun tí ojú ẹnikẹ́ni ò rí rí, á sì sọ ọ́ lórúkọ. Àṣé ẹ̀rọ ti rí gbogbo rẹ̀ tán kí wọ́n tó bí mi. Ẹ̀rọ á rí i, ẹ̀rọ á pè é lórúkọ, èmi á tẹ ọwọ́. Mi ò tíì sọ ewé kan ṣoṣo lórúkọ rí láyé mi. Bẹ́ẹ̀ mo ní orúkọ kan tí mo tọ́jú pamọ́: Àṣàbí, orúkọ ìyá mi. Ìyá mi gbin tẹ̀tẹ̀ sínú agolo lójú fèrèsé wa ní ilé gíga. Àwọn aṣọ́mi wá, wọ́n fa tẹ̀tẹ̀ tu, wọ́n gbé agolo lọ, wọ́n ní ó ń fi omi èèyàn fún ewé tí kò lẹ́tọ̀ọ́. Ó sunkún lọ́jọ́ yẹn ju bó ṣe sunkún lọ́jọ́ tí bàbá mi kú lọ. Mo ti búra pé bí mo bá rí ewé tuntun pẹ́nrẹ́n, Àṣàbí ni yóò máa jẹ́.

"Dókítà, ẹ̀yà mẹ́ta ni mo rí," Afojúmọ̀ wí. "Ẹ fi ọwọ́ jẹ́rìí."

"Fara balẹ̀. Mi ò tíì wo nǹkan kan."

Òfin fún mi láyè láti já ewé kan lára igi kọ̀ọ̀kan. Mo kọ́kọ́ já ti Òpéléńgẹ́, èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà Ìyáalé, ìyàwó tó dàgbà jù nínú agbo ilé. Igi náà ga ju òrùlé lọ, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ti ń gbẹ. Ewé rẹ̀ ṣẹ́ wẹ́wẹ́ bíi ti igi igbá tí a ti ń rí irú. Ti Adúmáadán tó wà lẹ́nu ọ̀nà ìyàwó kejì ya ọ̀nà mẹ́ta bí ewé òwú. Ajíṣafẹ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ìyàwó kẹta ò ga ju èjìká mi lọ, ewé tirẹ̀ sì rí roboto, kò ya rárá. Ẹni tó bá wò wọ́n lójú lásán, á gbà pé wọn ò bára tan.

Mo yọ awò tí mo fi ń wo nǹkan kékeré nínú àpò, mo gbé e lé ibi tí ewé àkọ́kọ́ ti so mọ́ ẹ̀ka. Kókó kékeré méjì wà níbẹ̀, wọ́n pọ́n bí ìlẹ̀kẹ̀. Mo wo ewé kejì. Kókó méjì. Mo wo ẹ̀kẹta. Kókó méjì náà nìyẹn, níbì kan náà, wọ́n pọ́n bákan náà. Mo fi èékánná ya etí àwọn ewé náà. Oje funfun ló jáde lára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bí afẹ́fẹ́ sì ti fẹ́ sí i, ó pọ́n bí epo. Mo gbóòórùn rẹ̀: ọsàn àti ata ilẹ̀. Òórùn kan náà ni.

"Kò sí bí ọ̀bọ ṣe ṣe orí tí ìnàkí ò ṣe," mo sọ fún ara mi.

Ìyàwó tó lóyún yẹn ti wá dúró tì mí, abọ́ omi wà lórí rẹ̀. Àyọ̀ká lorúkọ rẹ̀.

"Àyọ̀ká, jọ̀wọ́, kí ni igi yìí?" Mo nawọ́ sí èyí tó ga.

"Ìdílẹ̀kẹ̀ ni, mà."

"Ìdílẹ̀kẹ̀ kẹ̀? Òpéléńgẹ́ ni wọ́n sọ fún wa."

"Ìyáalé ló ń pè é bẹ́ẹ̀."

"Èyí tó wà lọ́hùn-ún ńkọ́?"

"Ìdílẹ̀kẹ̀ náà ni."

"Kékeré yìí ńkọ́?"

"Hàà, Dókítà! Ìdílẹ̀kẹ̀ ni gbogbo wọn." Ó wò mí bí ẹni tó ń káàánú mi. "Ó ti wà nílé yìí kí n tó wọlé. Ọkọ mi ni. Ṣé mo lè pe ọkọ mi lórúkọ ni, àbí kí n máa pè é bí ìyàwó mìíràn ṣe ń pè é? Oníkálukú ló lórúkọ tó fún un."

Mo rántí ẹnì kan nílé wa. Àbúrò bàbá mi ni. Ajíṣafẹ́ ni ìyá mi ń pè é ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ọjọ́ tí a ń sin ín ni mo tó gbọ́ pé Fọlárìn lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ. Á wò ó, á sì fún un lórúkọ tó bá dùn mọ́ ọn lẹ́nu. Gbogbo ìyàwó ilé Jagùn ti fún igi wọn lórúkọ, ẹ̀rọ sì lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà, ó gbà pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ohun tí wọ́n ń pè.

"Báwo lẹ ṣe ń rí i gbìn?" mo bi í.

"Ọjọ́ tí ìyàwó bá wọlé, Ìyáalé á gé ẹ̀ka lára tirẹ̀, á fún un kó gbìn ín sẹ́nu ọ̀nà."

Nítorí náà, ọjọ́ orí ló yà wọ́n. Bí igi yìí bá wà léwe, ewé rẹ̀ á rí roboto. Bó bá dàgbà díẹ̀, á ya mẹ́ta. Bó bá darúgbó, á ṣẹ́ wẹ́wẹ́. Igi kan ṣoṣo tó ń pààrọ̀ aṣọ! Kò sẹ́ni tó rí irú rẹ̀ rí. Mo pariwo bí ọmọdé.

"Ọ̀kan ni! Igi kan ṣoṣo ni!"

Mo gbàgbé ẹ̀rọ tó ń fò lórí mi.

"Mo gbọ́," ni Afojúmọ̀ wí. "Ẹ̀yà kan. Omi méjì dúró. Ẹ sọ orúkọ rẹ̀, kí ẹ sì fi ọwọ́ jẹ́rìí."

Páìpù méjì gbin, wọ́n gbẹ lójú ẹsẹ̀. Ìyá kan wà nídìí Adúmáadán tí abọ́ rẹ̀ ò tíì kún dé ìdajì. Ó gbójú sókè wo ẹnu páìpù, ó gbé abọ́ náà sún mọ́ ọn díẹ̀, bóyá òun ló gbé e síbi tí kò yẹ. Ọmọ kan bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún nínú ilé.

"Ẹ sọ orúkọ rẹ̀," Afojúmọ̀ tún wí.

Àṣàbí ti wà lórí ahọ́n mi. Ká má purọ́, inú mi ń dùn, ó sì ń dùn mí pé inú mi ń dùn.

Àyọ̀ká sọ abọ́ orí rẹ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ tòun toyún.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́. Tótó ó ṣe bí òwe: ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Páìpù kan ò lè gbé gbogbo wa. Wọ́n á kó wa lọ síbi tí wọ́n ń to èèyàn jọ yẹn. Mi ò fẹ́ bímọ síbẹ̀."

Dérìn ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó ti dé ẹ̀yìn mi. Ó rọra sọ sí mi létí pé, "Mà, ẹ má jẹ́ kí àánú gbé yín ṣìnà o. Àwọn ará Òkè-Ìta ń retí omi. Èyí tó bá yọ níbí, àwọn la máa fún. Àwọn náà lọ́mọ."

Ẹ ò rí i bí ayé ṣe ká mi mọ́! Mo yíjú sí Ìyáalé. Ó jókòó lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó sì ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Ìyá, ẹ̀yin mọ̀ pé ọ̀kan ni."

"Ta ni kò mọ̀?" ó wí. "Wọ́n wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà mi, wọ́n ní kí ni mo ń pè é, mo sọ ọ́. A ò purọ́ fún ẹnì kan. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà, a mu ún. Ìwọ sọ ohun tójú rẹ rí, ọmọ mi. Bó o bá pè é ní ọ̀kan, òùngbẹ á lé wa kúrò nílé. Bó o bá pè é ní mẹ́ta, igi á kú."

"Kí ló máa pa á?"

"Òfin yín. Ẹ ní igi tó bá dá wà nínú ẹ̀yà rẹ̀, ọ̀bẹ ò gbọdọ̀ kàn án. Wo orí tèmi, ó ti gbẹ. Láti ọjọ́ tí ẹ̀rọ yín ti dé, mi ò lè gé ẹ̀ka. Àyọ̀ká yìí wọlé lọ́yẹ́ tó kọjá, ó ń gbé nílé wa bí àlejò, kò sí ohunkóhun lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ìyàwó tí kò ní igi, ṣé ìyàwó ni? Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá kú, tí a ò sì gé èyíkéyìí gbìn, ó parí nìyẹn. A ò ní rí omi mu mọ́, a ò sì ní rí ọkọ wa mọ́."

"Orúkọ rẹ̀ gan-an ńkọ́, Ìyá? Èyí táwọn ọmọ ilé ń pè é?"

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ẹnu mi kọ́ lo ti máa gbọ́ ọ."

"Ẹ sọ orúkọ rẹ̀," ni Afojúmọ̀ wí lẹ́ẹ̀kẹta, "tàbí kí ẹ yí ọ̀rọ̀ yín padà. Ẹ rántí pé ẹni tó bá jẹ́rìí èké, ọwọ́ rẹ̀ ò ní ṣí ilẹ̀kùn kankan mọ́ ní ilẹ̀ yìí."

Ìjì ti ń bọ̀, a ti ń gbọ́ ọ. Gbogbo ara mi ń yún mi, mi ò lè dúró lójú kan. Mo rìn lọ sídìí igi tó ga, mo padà. Mo wo àwọn ewé mẹ́ta ọwọ́ mi, oje wọn ti pọ́n mọ́ mi níka. Ohun tí mo ti ń wá láti kékeré nìyí, mo dì í mú. Bí mo bá la ẹnu, orúkọ ìyá mi á wà títí ayé nínú Ilé Dígí, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú orúkọ gbogbo ewé. Wọ́n á kọ ọ́ sára ògiri pé èmi ni mo rí i. Àyọ̀ká sì wà lórí eékún, kò dìde.

Ta ni ìyá mi ì bá bá dúró? Ìbéèrè òmùgọ̀ ni. Mo mọ̀.

"Mẹ́ta ni," mo wí.

"Ẹ ti kọ́kọ́ sọ pé ọ̀kan ni."

"Oòrùn ló pa mí lójú. Mẹ́ta ni."

"Mà!" Dérìn pariwo.

Mo na ọwọ́ sókè, mo tẹ àtẹ́lẹwọ́ mi mọ́ ojú dígí náà. Ó tutù. Èké àkọ́kọ́ tí mo fi ọwọ́ yìí jẹ́rìí nìyẹn, mi ò sì mọ iye ẹnu tí mo gba omi kúrò níbẹ̀ ní Òkè-Ìta. Mi ò sọ pé ohun tí mo ṣe dáa. Mo ṣe é ni.

Páìpù méjèèjì kọ́ ikọ́, omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà. "Adúmáadán ń mu. Ajíṣafẹ́ ń mu. Ẹ̀yin èèyàn, ẹ dúró." Ìyá tó gbé abọ́ lọ́wọ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún.

Ìjì wá bo gbogbo wa. Gbogbo agbo ilé di pupa, mi ò rí ọwọ́ ara mi mọ́. Mo gbọ́ tí Afojúmọ̀ ń lọgun lókè pé, "Ojú mi! Mi ò ríran! Ẹ nu ojú mi!" Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ìró kan nítòsí mi, ṣáá! Ọ̀bẹ ni. Mo tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ọwọ́ arúgbó kan dì mí mú.

"Àyọ̀ká ti gba tirẹ̀," ó sọ sí mi létí. "Kó tó rúwé dáadáa, ewé Ajíṣafẹ́ á ti ya mẹ́ta; tirẹ̀ á rí roboto, á ní orúkọ tuntun, ẹ̀rọ yín á tún ní òun rí tuntun." Ó rẹ́rìn-ín kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Gba tìrẹ."

"Tèmi kẹ̀? Ìyá, mi ò fẹ́ ẹnikẹ́ni nílé yìí."

"O ti ro ẹjọ́ ilé. O ti bá wa gbé ẹrù ilé. Ṣé ó ku ohun tí ìyàwó ń ṣe? Bí tiwa bá kú, tìrẹ á wà. Gbà á, ìyàwó."

Mo gbà á. Mo kì í bọ abẹ́ aṣọ, oje rẹ̀ ń rin mí láyà.

Ìjì rọlẹ̀, a gbéra, a sì ti kọjá Ìsẹ́yìn kí Dérìn tó bá mi sọ̀rọ̀. Ojú ọ̀nà ni ó ń wò, kò wò mí.

"Dókítà, kí lẹ dì mọ́yà bẹ́ẹ̀ yẹn?"

"Aṣọ."

"Aṣọ ti ń rúwé báyìí?"

Mo fa aṣọ bò ó dáadáa. Òṣìṣẹ́ Ilé Omi ni Dérìn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu rẹ̀, ọwọ́ mi ti di ọwọ́ òkú. Ó wakọ̀ lọ, ó wakọ̀ lọ, ó wá mí kanlẹ̀.

"Òkè-Ìta ni ìyàwó mi ti wá," ó wí.

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí dé egungun. Mo fẹ́ sọ pé kó má bínú, mo mọ̀ pé kò tó. Mo fa ẹ̀ka náà yọ, mo gbé e lé itan kó rí i. Kókó méjèèjì ń dán níbi tí ewé ti so mọ́ ọn.

"Gbogbo ibi tí ìyàwó bá ti gbìn ín lẹ́nu ọ̀nà, tó fún un lórúkọ tirẹ̀, ni páìpù ń dé," mo wí. "Bó bá dàgbà, màá gé ti Òkè-Ìta lára rẹ̀. Mo jẹ yín ní ẹ̀ka kan."

Ó wò ó fìrí, ó gbójú padà sọ́nà.

"Kí lorúkọ rẹ̀, mà?"

Mo la ẹnu. Àṣàbí dé ètè mi, ó dúró síbẹ̀. Ó ti wà nílé kí n tó wọlé. Mo gbé orúkọ ìyá mi mì, ó sì dùn mí wọra, mi ò ní parọ́.

"Mi ò gbọdọ̀ pè é lórúkọ," mo wí. "Àrìnnàkore ni èmi ń pè é. Dérìn, jọ̀wọ́, bó o bá rí agolo lẹ́bàá ọ̀nà, dúró fún mi."